Ibi Tí Ọ́ìlì Ti Ń Kán Kọ́ Ló Ti Ń Jò

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń gba fríìdọ̀mù ní Ìkòròdú lọ́dún yìí, ẹ kú oríire o. Ẹ ti mọ sípánà 17 yàtọ̀ sí 19, n kò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí ẹ ṣe ń sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù ọjà, nítorí pé ọ́ìlì kán sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní. Ọ́ìlì kì í dúró síbi tó ti jáde. Á ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn á sì gbá a lọ sẹ́yìn bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Kí tipa tó ti òde Ìkòròdú gbé yanrìn dé Odogúnyàn, gbogbo ìdí ẹ́ńjìnì ti di ọ́ìlì pẹ̀lú ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù, ẹ fi ọ̀rá wé àtánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná), ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí náà, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ wá gbọn pàúdà ọmọdé síbi tí ẹ ń fura sí, ẹ tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi tó ga jù lọ tí pàúdà ti rin. Kì í ṣe ibi tó rin jù o. Ibi tó ga jù ni.

Ẹ̀kọ́ kejì, imú. Bí òórùn jíjó bá pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró nínú gosúlóò, tó sì dín kù nígbà tó ń sáré, ọ́ìlì ló ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná. Tappet cover, ìdérí orí ẹ́ńjìnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ táyà kan ṣoṣo ló gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì ló sábà máa ń di mọ́ ọn. Òórùn tó jáde lẹ́yìn tí awakọ̀ ń fi kúlọ́ọ̀ṣì rá pálá pẹ̀lú ẹrù, ti kúlọ́ọ̀ṣì ni. Bí ó bá rùn bí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó ń jó, wáyà ni, ẹ yọ orí bátìrì kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni síìlì ẹ̀yìn kráńkì (òrùka tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú níbi tí irin yíyí inú ẹ́ńjìnì ti yọ síta), ó sì jọ pé ibẹ̀ la máa sùn sí. Ọ́ìlì á máa kán láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì á ní síìlì ti bàjẹ́. Wọ́n á tú gíábọ́ọ̀sì, kúlọ́ọ̀ṣì àti flywheel, wọ́n á fi síìlì tuntun sí i. Kò ní pẹ́, ọ́ìlì á tún máa kán. Wọ́n á ní ayédèrú ni síìlì tí wọ́n rà, wọ́n á tún tú u. Ẹlẹ́mọtò á sanwó lẹ́ẹ̀mejì, á sì lọ máa ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ káàkiri páàkì.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan breather, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí. Nínú ẹ́ńjìnì tó ti gbó, èéfín máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnì wọ inú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì. Breather ló yẹ kó gbé e jáde. Bí páìpù rẹ̀ bá ti dí fún gíríìsì dúdú, agbára èéfín yẹn á wá ibòmíràn gbà, ibi tó rọ̀ jù ni síìlì. Síìlì tuntun kò lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kó máa ṣiṣẹ́ láìtẹ tọ́tù. Ẹ tú ìdérí ibi tí à ń bu ọ́ìlì sí, ẹ dojú rẹ̀ dé lórí ihò náà láìfún un. Bí ìdérí náà bá ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún tàbí tó fò dànù, tí èéfín ń tú jáde púpù, agbára ti pọ̀ nínú. Ẹ yọ páìpù breather. Bí agbára náà bá rọlẹ̀, dídí ni breather dí: ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, ríǹgì ló ti jẹ. Ọ̀rọ̀ ti di ti títú ẹ́ńjìnì, ẹ sọ ọ́ fún ẹlẹ́mọtò kedere.

Ẹ tún gbóòórùn ọ́ìlì tó kán náà. Ọ́ìlì gíà máa ń rùn bí imí-ọjọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì ni, kráńkì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ wo géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, lórí ilẹ̀ títẹ́, ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí ẹ pa ẹ́ńjìnì, torí ọ́ìlì tó kọjá àmì òkè náà máa ń jò.

Bí ó bá wá jẹ́ síìlì lóòótọ́, ẹ fi èékánná họ ojú kráńkì. Bí èékánná bá há, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ ojú ibẹ̀: ẹ ti tuntun wọlé díẹ̀ sí i kí ẹnu rẹ̀ bọ́ sórí ibi tó dán, bí àyè bá wà. Ẹ má fi hámà lu ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lẹ́nu, àfi tí ìwé inú páálí bá ní gbígbẹ ni kí ẹ fi í sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da gọ́ọ̀mù bò ó. Èyí tó bá já sínú sọ́ǹpù lè dí ẹnu ibi tí pọ́ńpù ti ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì á sì nọ́ọ̀kì.

Dífù, ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà, náà ní breather tirẹ̀. Ẹrẹ̀ ló sábà máa ń dí i, ọ́ìlì á wá gba ibi síìlì họ́ọ̀bù jáde sórí bíréèkì.

Àwọn ẹlẹ́mọtò wa kì í fẹ́ sanwó ojú tí a fi wò ó, ohun tí a tú ni wọ́n ń sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń tú ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ dárúkọ owó àyẹ̀wò kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì.