Ewédù àná

Sátidé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá, iná ò sí, mo jókòó síwájú ilé, fóònù ku 31 pasẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà tí mo kọ nípa wàhálà tó bá mi ní Mọ́kwá lókè ọya, ẹ ṣáà mọ̀ pé mi kì í kọ nǹkan lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá lọ geere. Ọjọ́ tó bá dáa, mo máa ń sùn ni.

Lónìí gan-an ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ló burú. Àpò sìmẹ́ǹtì 600 la kó ní Ewékorò, 50 kílò lápò kan, ẹ ṣírò ẹ̀, 30 tọ́ọ̀nù lórí táyà 22, ọ̀kan bẹ́ nínú wọn ká tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, bí ìbọn ló dún, a ò tíì pààrọ̀ ẹ̀ tán tójò fi dé, tàpólì ya lápá ẹ̀yìn, nígbà tá a máa fi já ẹrù ní Ìlọrin àpò 7 ti gbomi, oníbàárà ní sìmẹ́ǹtì tó bá ti gbomi òkúta ló ń dà, òun ò sì ra òkúta. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá tó ni mọ́tò ní wọ́n á yọ ọ́ nínú owó mi. Òun náà... ó dáa, mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ìyẹn lónìí. Jímọ̀ kẹrin rè é tí mi ò kírun ní Kóbìtì.

Gbogbo ìyẹn, mo gbé e mì. Ewédù ni mi ò rí gbé mì. Bẹ́ẹ̀ mo sì gbé e mì o, tinútẹ̀yìn, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. A wọ Abẹ́òkúta lọ́sàn-án òní, afẹ́fẹ́ ń jò níbi bíréèkì, mẹkáníìkì ní kí n gbé e wá sí Láfẹ̀ńwá, kí n fún òun ní wákàtí méjì. Tírélà ò lè wọ Ìtòkú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀, kẹ̀kẹ́ gan-an ń bẹ Ọlọ́run kó tó gun òkè yẹn. Ni mo bá ní kí n jẹun kí n tó lọlé. Oníláfún kan wà níbẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin kékeré kan ló ń bu oúnjẹ, ìkòkò ewédù méjì ló wà níwájú ẹ̀, ó dúró pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó bi ìyá ẹ̀ pé èwo ni kóun bù. Ìyá yẹn ò tiẹ̀ wò mí. Tírélà ló wò. Ó ní, “Ti àná ni kó o bù fún un jàre, ẹni tó ń kọjá lọ ni.”

Kò rọra sọ ọ́, kò sì pariwo. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Ẹni tó ń kọjá lọ ni.

Mo ti ń wakọ̀ lọ sókè ọya fún ọdún 14, wọ́n ti pè mí ní oríṣiríṣi. Ní Jẹ́bà, ará Abẹ́òkúta ni wọ́n ń pè mí. Ní Ìlọrin, tí mo bá lanu báyìí wọ́n á ní “Ẹ̀gbá ti dé,” wọ́n á máa sín ohùn mi jẹ. Ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ń pè mí ní “driver,” kò bí mi nínú, dírẹ́bà náà ni mí. Ṣùgbọ́n kí n wà ní Láfẹ̀ńwá, kí wọ́n bí mi sí Ìtòkú, tí n bá na ọwọ́ báyìí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè júwe òrùlé bàbá mi fún un, kó wá jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bu ewédù àná fún mi torí pé mo ń kọjá. Kí ni mo ń kọjá lọ sí? Ilé mi mà ni!

Kí n sòótọ́, bóyá torí jálàbíà ni. Jálàbíà ni mo wọ̀, ó lè rò pé Haúsá ni mí àti pé mi ò gbọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn tún burú jù. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ Mọ́kwá ṣẹlẹ̀, mai shayi, Haúsá tó ń ta tíì níbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ju “ẹ kú iṣẹ́” lọ nínú èdè wa, ó fi búrẹ́dì méjì lé tíì mi, kò gbowó ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ewédù lẹ ó máa bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ti àná ni ká ní mi ò gbọ́. Há! Ewédù tó sùn kì í fà mọ́, ẹ̀ẹ́ fi òkèlè gbé e, á já pẹ́ú. Tí wọ́n bá tún un gbé kaná, á pọ́n díẹ̀, á ṣókùnkùn, omi á wà lọ́tọ̀, ewé á wà lọ́tọ̀, wọ́n á wá rọ ọbẹ̀ ata lé e kẹ́ ẹ má baà rí i. Mo rí i. Láfún yẹn tiẹ̀ dáa o, ó funfun, ó gbóná, kò ní kókó kankan, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù, ó mọ̀ ọ́n rò! Ó mọ nǹkan tó dáa, ó wá wo tírélà.

Láfún kí? Ọmọ aládìrẹ ni mí. Màmá mi, ìdajì láfún tó bá gbé kaná ọbẹ̀ ló ń lọ bá, ìdajì tó kù aṣọ ni. Yóò fi álọ́ọ̀mù sí i, á rò ó bí ẹ̀kọ, á fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára aṣọ funfun, ẹyẹ, ọ̀pẹ, agboòrùn, á sá a sóòrùn kó tó rì í sínú aró. Ibi tí láfún bá wà, aró ò ní dé bẹ̀. Àwa ọmọdé la máa ń ha láfún gbígbẹ yẹn kúrò, á máa wọ abẹ́ èékánná wa. Ìgbà kan mo tọ́ ọ wò, mo gba ìgbátí. Ìsinsìnyí àbẹ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ó yára jù, àmọ́ màmá ò gbà, ó ní àbẹ́là ò níwà.

Kí ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ ná... ẹ̀hẹ́n. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ìyẹn ni mo ti ń bi ara mi láti ọ̀sán. Mo lè sọ pé “Ìyá, ọmọ Ìtòkú ni mí o, ẹ bu ti òní fún mi.” Gbólóhùn kan péré ni. À bá jọ rẹ́rìn-ín, á ní “Há, ẹ má bínú, dádì, mi ò mọ̀ ni,” á fi pọ̀nmọ́ kan bẹ̀ mí. Dípò bẹ́ẹ̀ mo jẹ ẹ́, mo fọwọ́, mo san 1,500, mo sì ní “Ẹ ṣeun mà.” Ẹ ṣeun mà! Ta ló rán mi?

Ó rẹ̀ mí ni. Rárá, kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. Mo rò pé lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo ti fi ń ṣàlàyé ara mi, fún oníbàárà, fún ọ̀gá, fún ọlọ́pàá tó ní kí n mú wébíìlì wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mi ò ní àlàyé kankan lẹ́nu mọ́. Kí n tún wá máa ṣàlàyé fún oníláfún pé ìlú mi rè é.

Nǹkan tó ń ràn mí lọ́wọ́ tí ọjọ́ bá burú, kò pọ̀. Ẹ ti mọ̀ pé mo ti fi paraga sílẹ̀, ọdún kejì ń lọ. Mo máa ń nu gíláàsì iwájú fúnra mi, mi kì í jẹ́ kí mọ́tò bọ́ì bá mi nu ún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, màá fi omi ọṣẹ nù ún, màá tún fi ìwé ìròyìn nù ún gbẹ, gbogbo kòkòrò tó kú sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà, omi tútù. Ká tẹ́ ẹní sábẹ́ tírélà. Àwọn Road Safety ní tèèyàn bá ti wakọ̀ wákàtí 4 kó sinmi, òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ìsinmi abẹ́ tírélà kì í ṣe tara nìkan, téèyàn bá ti wà lábẹ́ ẹ̀, tó ń wo irin, tó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tutù tó ń dún ká, ká, ká, nǹkan kan máa ń rọlẹ̀.

Màá sì pe màmá. Mi kì í sọ ìṣòro kankan fún wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ń pa mí, sípánà wà lọ́wọ́ mi, mo fi fóònù há èjìká, wọ́n ń rojọ́ ọmọ aládùúgbò tó fi omi ṣòfò, wọ́n kàn dákẹ́ lójijì, wọ́n ní, “Àjàní, ṣé o ti jẹun?” Mo ní mo ti jẹun. Wọ́n ní, “Irọ́ ni.” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí, láti orí Àjàní títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò bá láyé, mo dúró nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi kì mí tán. Fọkanáísà ń wò mí pé kí ló ń ṣe dírẹ́bà yìí.

Fọkanáísà yẹn. Hẹ̀n.

Mi ò fẹ́ kọ èyí àmọ́ ó ti bọ́ sọ́kàn mi báyìí. Mo ní ẹgbẹ̀rún kan náírà kan tó ti ya sí méjì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tó wà lápò mi, gbogbo ẹni tí mo ná an fún ló ń dá a padà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí fọkanáísà ṣe tán, tóun náà ti rẹ sínú òjò bíi tèmi, mo ká owó ẹ̀ mọ́ra, mo fi eléyìí sáàárín. Mọ́tò bọ́ì rí mi. Mo ṣẹ́jú sí i. Kí ni mo sọ lọ́kàn mi? Mo sọ pé ṣebí mò ń kọjá lọ ni.

Mi ò tíì fẹ́ ronú nípa ìyẹn.

Kì í ṣe nǹkan kan náà ṣá. Owó lowó, oúnjẹ loúnjẹ. Owó yẹn á ná an fún ẹlòmíì. Ewédù, ta ni n ó ná an fún?

Ẹ jẹ́ n padà sí Láfẹ̀ńwá. Téèyàn bá wò ó dáadáa, ta ni kì í kọjá ní Láfẹ̀ńwá gan-an? Odò Ògùn ń kọjá lábẹ́ afárá, rélùwéè àtijọ́ kọjá níbẹ̀, onímọ́tò Ayétòrò ń kọjá, elérò Ìmẹ̀kọ ń kọjá, ẹni tó fẹ́ lọ sí Èkó ń kọjá. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló ń bu ti àná fún, a jẹ́ pé kì í se ti òní rárá. Àwọn baba wa náà ńkọ́, ní 1830 tí wọ́n sá wá sábẹ́ Olúmọ, ó ṣeé ṣe kí ẹni kan nínú wọn ti rò pé àwọn á kàn sinmi díẹ̀ kí àwọn máa lọ. Mo sọ ìyẹn fún ìyàwó mi, ó ní, “Ẹ̀yin, lórí ewédù?” Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti ra ewédù tútù sílẹ̀ láti àárọ̀, kò mọ̀, mò ń gbọ́ ìjábẹ̀ lẹ́yìnkùlé báyìí bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ẹ tún gbọ́ o, mọ́tò bọ́ì mi, ọmọ Ṣakí, a jọ jẹun níbẹ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n bù fún wa, ó lá ọwọ́, ó ní, “Ọ̀gá, ewédù yẹn mà dùn o.” Mo wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n ṣàánú ẹ̀ tàbí kí n ṣàánú ara mi. Ọmọ tó jẹ odindi búrẹ́dì wa tán láàárín Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, tó ní eku ni.

Fóònù ku 12. Mọ́tò bọ́ì náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí yìí, inú mọ́tò ló ń sùn, ó ń ṣọ́ ọ. Bíréèkì ti dáa, ó ní. Ọ̀la Ọlọ́run ọjọ́ Ìsinmi, Mọ́ńdè aago mẹ́rin ìdájí ká wà ní Ewékorò. Ó wá ní ìyá oníláfún béèrè mi. Mo dìde jókòó. Mo ní kí ló béèrè? Ó ní ó béèrè pé ṣé ọ̀gá òun ti lọ ni, ṣé wọ́n á tó dé ibi tí wọ́n ń lọ kílẹ̀ tó ṣú. Òun wá sọ fún un pé ọ̀gá òun ò lọ ibì kankan, pé ilé wọn ní Ìtòkú níbí ni wọ́n lọ.

Mo ní kí ló wá sọ?

Ó ní kò sọ nǹkan kan, ìkòkò ló ń fọ̀.

Mo ní ìkòkò èwo?

“Há, ọ̀gá,” ó ní, “ìkòkò ṣáà ni.”