Lucid Air láti Houston dé Dallas: ohun tí a rí kí Bùọ̀dá tó yọ owó

Ní Houston níbí, bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ ra ọkọ̀ ńlá, Mercedes àti Lexus lojú ń lọ. Ó wá yà mí lẹ́nu nígbà tí Bùọ̀dá, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ní Lucid Air, ọkọ̀ oníná tí ilé-iṣẹ́ Lucid ní Amẹ́ríkà ń ṣe, ni àwọn ń wò. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ mọ̀ pé kò ní ẹ́ńjìnnì o." Wọ́n ní, "Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Pípààrọ̀ ọ́ìlì ti sú mi." Ìgbéyàwó kan sì wà ní Dallas, la bá yá Lucid Air Pure, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fi tirẹ̀ háyà. Èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀, Bùọ̀dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó wọn àti Màmá lẹ́yìn. Títì márosẹ̀ I-45 la gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni a máa ń gbé àgbà sí. Màmá ti wé gèlè láti ilé. Ọkọ̀ yìí lọ sílẹ̀ gan-an, kò sì sí ọkọ̀ tó rí báyẹn tó lè gba gèlè tó le gbagidi. Wọ́n gbìyànjú láti wọlé, gèlè kọ̀. Wọ́n tú u, wọ́n ká a sórí itan, wọ́n ní Dallas ni àwọn á ti tún un wé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n na ẹsẹ̀ dáadáa. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni bátìrì wà. Ti Pure kéré sí ti Grand Touring tó wọ́n jù ú lọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àyè ẹsẹ̀ pọ̀ sí i lẹ́yìn nínú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá máa ń gbé òbí kiri, kó fi èyí sọ́kàn kó tó lọ fi owó kún owó.

Iwájú ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí Bùọ̀dá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àyè gbàràmù ni wọ́n bá. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wọ ibẹ̀, báàgì aṣọ tún wọ ibẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà, tí wọ́n ń ṣe ní Lucid, kéré gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju 74 kìlógíráàmù lọ, òun ló jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù tó bẹ́ẹ̀. Peter Rawlinson, tó jẹ́ olórí ẹnjiníà ọkọ̀ oníná Tesla Model S tẹ́lẹ̀, ló wà nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ yìí, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí a dín nǹkan kù ló ṣe é.

Kí a tó dé Huntsville, níbi tí ère Sam Houston funfun gogoro yẹn ti ń wo títì, Màmá ti bínú sí mi. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè báyìí, ọkọ̀ á dín eré kù fúnra rẹ̀ bí ẹni tẹ bíréèkì, iná á sì padà sínú bátìrì. Ó dùn mọ́ ẹni tó ń wakọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń jìyà rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ da ìfun mi rú ni?" Mo wọ inú síkírìnì, mo dín in kù, àlàáfíà sì dé. Síkírìnì yẹn náà, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bí àwọn kan ṣe ń pariwo rẹ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ pàápàá, inú rẹ̀ lèèyàn á lọ kó tó lè yí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bátìrì, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà kọ 420 máìlì fún Pure ti 2025 bí bátìrì rẹ̀ bá kún, wọ́n kọ 512 fún Grand Touring. Houston sí Dallas tó bí 240 máìlì. Lójú ìwé, ó yẹ kí ohun tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì nígbà tí a bá dé. Ṣùgbọ́n 75 máìlì ní wákàtí kan ni òfin gbà ní apá tó pọ̀ lórí I-45, ta ló sì ń sá níwọ̀n òfin? Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ọkọ̀ oníná. Bí eré ṣe ń le sí i ni afẹ́fẹ́ ń gba iná, tí ó sì ń gbà á ju bí eré ṣe pọ̀ lọ. Nígbà tí a wọ Dallas, ohun tó kù dín díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn, kó yọ bí ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú iye tí EPA kọ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Kí ó má sì tìtorí ẹwà gba táyà tó ju 19 ínṣì lọ, torí ó ń jẹ máìlì.

Ìrìn àbọ̀ ni wàhálà wà. Ibi tí a ti fẹ́ gba iná ní Dallas, méjì nínú àwọn ẹ̀rọ wọn ò ṣiṣẹ́, ọkọ̀ sì tò sí èyí tó kù. Ìyàwó Bùọ̀dá wọ lééṣì, oòrùn ń pa wọ́n. Nígbà tó kàn wá, iná wọlé kíákíá, mo sì yọ ọ́ ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, torí láti ibẹ̀ lọ, bí ìgbín ló ń rìn. Láti oṣù keje 2025, Lucid Air lè lo Supercharger, ẹ̀rọ ìgbanáwọlé ti Tesla, pẹ̀lú ohun asopọ̀, àmọ́ kì í gbà ju 50 kìlówáàtì lọ níbẹ̀. Wákàtí kan níbẹ̀ á fún un ní bí 200 máìlì. Ó dára fún ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Nítorí náà, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni ni pé: níbo lo ń sùn? Bí o bá ní gáréèjì, tí o lè fa iná 240 fólítì síbẹ̀, irú èyí tí ẹ̀rọ agbẹṣọ ń lò, wàá máa jí bá ọkọ̀ tó kún lójoojúmọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ iná kan ní Texas tilẹ̀ ń fúnni ní ọ̀fẹ́ lóru. Bí o bá ń háyà àpátímẹ́ǹtì tí kò sí ibi ìgbanáwọlé, má rà á. Mi ò ní fi bò fún ọ.

Owó ńkọ́? Pure tuntun wà ní bí 70,000 dọ́là. Owó 7,500 tí ìjọba àpapọ̀ ń yọ fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná ti dópin láti 30 oṣù kẹsàn-án 2025. Texas tún ń gba 400 dọ́là nígbà àkọ́kọ́ lórí ọkọ̀ oníná tuntun, 200 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Òfin ìpínlẹ̀ yìí kò sì gbà kí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ máa tà á fúnra rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń rà á. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ kíákíá. Ẹni tó ra tuntun, tó fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ojú ẹ̀ á rí màbo. Ẹni tó bá ra àlòkù lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ èrè. Mo ní kí Bùọ̀dá wá èyí tí wọ́n ti lò díẹ̀.

Wọ́n ní bí àwọn bá lò ó tó, ṣé àwọn lè kó o lọ sí Ìjẹ̀bú? Mo ní rárá. Lucid kò ní ibi àtúnṣe ní Nàìjíríà, mẹkáníìkì àdúgbò kò sì ní í fọwọ́ kan bátìrì yẹn. Camry ni ẹ kó lọ sílé.

Bùọ̀dá ti pe oníṣẹ́ iná wá sí gáréèjì báyìí. BMW i7, tí òun náà jẹ́ oníná, ni ẹ̀yìn rẹ̀ dùn jù nínú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè ní síkírìnì 31 ínṣì tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó lé ní 100,000 dọ́là. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má dárúkọ rẹ̀ níṣojú ìyàwó àwọn.