Ọbẹ̀ Bàbá Tọ́lá

Látìgbà tí dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ bàbá Tọ́lá ń ru, ṣíbí ni mo fi ń wọn iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú mágí, mo bá yọ ọ́ kúrò.

Irú wooro tí wọn ò fi iyọ̀ sí ló ń gbé ọbẹ̀ mi ró. Màá jẹ́ kí àlùbọ́sà rọ̀ nínú epo díẹ̀, màá da irú sí i. Tó bá ti ń ta sánsán, tàtàṣé àti rodo á wọlé, màá dín in títí omi ẹ̀ á fi gbẹ. Ṣọkọ ló kẹ́yìn.

Bàbá Tọ́lá kọ́kọ́ pè é lọ́bẹ̀ aláìsàn (ẹnu ọkùnrin!). Ní báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń ra irú bọ̀ láti Bódìjà.