Òbírípo Tó Di Ẹyin: Kọ̀ǹpútà Àlòkù Mi, Ọ̀sẹ̀ Kẹta

Sátidé, àárọ̀

Mo ti to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-3470 tòkunbọ̀, RAM (mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́) 4GB ẹyọ kan, háàdì tí mo yọ lára láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́. Kò sí káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Inú processor fúnra rẹ̀ ni àwòrán ti ń jáde, HD Graphics 2500, ti 2012. Ó tó fún ohun tí mo fẹ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á máa fi yàwòrán bó bá ti iléèwé dé.

Mo tẹ bọ́tìnì. Fáànù yí, iná tàn, mọ́nítọ̀ ní "No Signal".

Ó kù díẹ̀ kí n dá processor lẹ́bi. Mo wá rántí pé irú graphics báyìí kò ní mẹ́mórì tirẹ̀, ara RAM ló ti ń yá lò. Mo yọ RAM, mo fi írésà ọmọ iléèwé nu eyín aláwọ̀ wúrà rẹ̀, mo tì í padà títí ó fi dún kọ̀. Ojú mọ́nítọ̀ là. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, mo sì rò pé mo ti mọ iṣẹ́ nìyẹn.

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti wọlé. Ọmọ jókòó, ó ya òbírípo kan, ó pa á rẹ́, ó tún un yà.

"Àǹkú, ẹ wò ó, èmi kọ́ o. Òun ló ń sanra."

Lóòótọ́, ẹyin ló wà níbẹ̀. Àwòrán 1024x768 (iye àmì kéékèèké tó wà ní ìbú àti òró rẹ̀) ni kọ̀ǹpútà ń gbé jáde. Mọ́nítọ̀ mi, tó jẹ́ 1920x1080, wá ń fà á gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo wo ibi tí wọ́n ti ń yàn án: kò sí èyí tó ju 1024x768 lọ.

Ọjọ́ Àìkú

Mo fi kernel (ọkàn Linux) tuntun sí i, torí inú rẹ̀ ni dráífà Intel, ètò tó ń darí graphics yìí, wà. Òfo. Mo fi cvt àti xrandr, àṣẹ méjì tí à ń tẹ̀ láti yan ìwọ̀n àwòrán, ti 1920x1080 wọlé tipátipá. Ó gbà! Mo pa á, mo tún un tàn, ẹyin padà dé. Àwọn kan á kọ script (àkójọ àṣẹ) kó máa ti ara rẹ̀ wọlé ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá yẹn, lójú tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ta ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ibi báyìí ni agbára mọ́nítọ̀ mọ? Mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ó ní ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan, EDID, báìtì 128, tó ń gba inú okùn kọjá. Mo ka fáìlì EDID lábẹ́ /sys/class/drm, níbi tí Linux ń fi í hàn: báìtì 0, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó dé.

Ó di orí okùn VGA, èyí tó so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́nítọ̀. Eyín rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 15, ní ìlà mẹ́ta. Mo ka 14, mo pariwo! Ìyàwó mi ní ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni. Àṣé mo yára: eyín kẹsàn-án ni kò sí, ọ̀pọ̀ okùn ni kì í sì í ní in láti ilé iṣẹ́. 12 àti 15 ni EDID ń gbà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì: eyín 12, ìkejì ní ìlà ìsàlẹ̀, ti dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ń gba 1, 2 àti 3 lọ ní tiwọn, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi pé, tí n kò sì fura sí okùn láti ọjọ́ yìí.

Mo fi ọ̀pá bíróò tí tádà rẹ̀ ti tán gbé eyín náà dìde. Ó dìde. Ó kán.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo gbé mítà tí à fi ń dán wáyà wò lọ ra okùn, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí eyín wọn pé tí kò sì sí wáyà lẹ́yìn 12 àti 15. Ọlọ́jà ń wò mí bí mo ṣe ń fi mítà kan ẹnu méjèèjì. "Ọ̀gá, VGA lásán lẹ ń rà o." Ó dún píì lórí 12, ó dún lórí 15, mo sanwó.

Mo délé, mo fi okùn náà sí i, mo tún ka fáìlì EDID: báìtì 128. 1920x1080 yọjú fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ń gbọ̀n díẹ̀. Mo tẹ Auto lára mọ́nítọ̀, ó dúró.

Fáànù ló kàn. Ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.