Ẹ̀dà mẹ́ta, ibi mẹ́ta, ta ni ká wá gbà gbọ́?

Èmi rò ó tẹ́lẹ̀ pé tí mo bá ti kó ẹ̀dà dátábéèsì mi, ìyẹn ibi tí àkọsílẹ̀ mi wà, sí ibi mẹ́ta tó jìnnà síra, mo ti bọ́ nìyẹn, kí iná jó ọ̀kan, méjì ṣì wà. Irọ́ kọ́ o, nígbà tí iná jó data center (ilé tí wọ́n ń kó sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, sí) ti ilé iṣẹ́ OVH ní Strasbourg, ní Faransé, lóṣù kẹta 2021, àwọn tí bákọ́ọ̀pù wọn (ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá tí wọ́n tọ́jú sápá kan) wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú sáfà wọn, wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n tèmi kì í ṣe iná, ọwọ́ ara mi ni. Lóru ọjọ́ kan mo fẹ́ pa àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan rẹ́, mo kọ DELETE, àṣẹ pé kó pa á rẹ́, mo gbàgbé WHERE tó máa sọ èyí tó máa pa, mo tẹ Enter, ni gbogbo ẹ̀ bá lọ. Kí n tó mí kanlẹ̀, ẹ̀dà tó wà lókè òkun, tó máa ń ṣe ohun tí àkọ́kọ́ bá ṣe, ti pa tiẹ̀ náà rẹ́, ó mà gbọ́ràn o! Bákọ́ọ̀pù àná ló kó mi yọ. Ẹ̀dà kì í ṣe bákọ́ọ̀pù jàre.

Èyí tó tiẹ̀ le jù ni bí àwọn ẹ̀dà náà ṣe máa fohùn ṣọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń sáré tó nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan, àmọ́ tí ibi méjì bá fi 5,000 kìlómítà jìnnà síra, àlọ àtàbọ̀ á gba 50 mílísẹ́kọ́ńdì ó kéré tán, kò sówó tẹ́ ẹ lè san tó máa dín in kù. Tí sáfà bá ní òun fẹ́ gbọ́ "ó ti dé" látọ̀hún kóun tó dáhùn, gbogbo nǹkan á máa fà, tí ò bá sì dúró, tó wá kú lójijì, ohun tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn lè wọ́gbó.

Ẹ wo GitHub, ibi táwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ní October 2018. Network já fún 43 sẹ́kọ́ńdì péré, irinṣẹ́ tó ń yan ọ̀gá sáfà, èyí tó ń gba kíkọ, sáré gbé ipò fún àwọn ti West Coast (ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà), bẹ́ẹ̀ East Coast (ìlà oòrùn) ti gba àkọsílẹ̀ díẹ̀ tí ò tíì dé ọ̀hún, West náà tún wá ń gba tiẹ̀. Ó lé ní wákàtí 24 kí gbogbo ẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Ní báyìí, mẹ́ta ni mo ń lò, méjì gbọ́dọ̀ gbà kí nǹkan tó wọlé, èyí tó bá dá wà ò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan. Méjì sún mọ́ra torí kó lè yá, ẹ̀kẹta jìnnà. Tí méjì yẹn bá wá lọ pa pọ̀, ẹ̀kẹta á kàn jókòó ni, kò ní gba kíkọ títí èmi fúnra mi á fi jí wá fún un láṣẹ. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.