Ẹ̀yin onílù Ìbàdàn tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ sábúlé òyìnbó

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń pè mí láti Mọ́kọ́lá pé "ẹ̀gbọ́n, ariwo Ìbàdàn ti sú wa, ẹ bá wa wá ọ̀nà síbi tẹ́ ẹ wà," mo gbọ́ yín. Ariwo ló lé èmi náà, jẹnẹrétọ̀ níwájú, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn, èèyàn á ti òde àríyá dé nídàájí kò dẹ̀ ní rí oorun sùn. Abúlé tí mo wà ní Devon, ní England, báyìí, igbe àgùntàn lẹ máa gbọ́, mo dẹ̀ gbádùn ẹ̀ gan-an, n ò ní parọ́.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń náwó fún onílù níbí o. Kò sí alága tẹ́ ẹ máa ki bàbá ẹ̀ tórí ẹ̀ á wú tá á kówó jáde, iye tẹ́ ẹ bá jọ sọ lẹ máa gbà, ó parí. Kíkọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní ìlù ló ń bọ́ mi jù, wọ́n dẹ̀ máa bèèrè ìwé DBS, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ ti dáràn rí, ẹ tètè gbà á. Kẹ́ ẹ dẹ̀ rí i pé ilé yín ò jìnnà sí ibùdó rélùwéè, torí bọ́ọ̀sì abúlé kì í pẹ́ dáṣẹ́ dúró, kò dẹ̀ sí Micra tẹ́ ẹ máa nawọ́ dá dúró bíi ti Dùgbẹ̀. Láti aago 11 alẹ́ sí 7 àárọ̀, tẹ́ ẹ bá ń lùlù, ará ilé kejì lè fẹjọ́ yín sun kánsù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá fáriwo lẹ wá daláriwo yẹn!

Ọ̀rọ̀ ìlù gángan ló wá kù, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi kí n tó débí. Awọ ewúrẹ́ ò mọ̀ pé a ti kúrò n'Ìbàdàn. Tí òtútù dé tá a tan hítà, awọ á gbẹ, á le, ohùn á lọ sókè jù, tẹ́ ẹ bá wá fún ọ̀ṣán ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fún un nílé, ó lè ya. Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa gbé e jìnnà sí hítà, kẹ́ ẹ gbé abọ́ omi sí yàrá náà. Tójò bá tún wá rọ̀ (òjò Devon ò mọ ìgbà), awọ á rọ̀ bí ẹ̀kọ, ìlù ò ní fọhùn. Nílé, a máa sá a sóòrùn ni. Oòrùn wo lẹ fẹ́ rí níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ lóṣù December? Dráyà tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun ni mò ń fẹ́ sí i, láti òkèèrè, díẹ̀díẹ̀. Ó ti ní kí n lọ ra tèmi.