Ìròyìn tí lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta pa

Agbẹjọ́rò gbajúmọ̀ kan ló kọ lẹ́tà náà sí mi: kí n yọ ìròyìn tí mo kọ kúrò láàárín ọjọ́ méje, kí n tọrọ àforíjì ní gbangba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di kóòtù. Mo kà á délẹ̀, n kò rí ibi tó ti ní irọ́ ni mo pa. Pé orúkọ oníbàárà òun ti bàjẹ́ ló ń tẹnu mọ́.

Olóòtú wa yẹ àkọsílẹ̀ mi wò fínnífínní: rìsíìtì wà, ohùn àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀ wà. Ó ní, "O ò jẹ̀bi. Ta ni yóò máa sanwó agbẹjọ́rò títí ẹjọ́ yóò fi parí?" Kó tó di alẹ́, wọ́n ti yọ ìròyìn náà.

Mo wá lọ ka ẹjọ́ Sullivan ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1960, New York Times gbé ìpolówó kan jáde lórí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn adúláwọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́: ó ní ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ti mú Martin Luther King, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni. Sullivan, aláṣẹ kan ní Montgomery tí wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, pẹjọ́, kóòtù Alabama sì ní kí wọ́n san 500,000 dọ́là fún un. Lọ́dún 1964, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e: aláṣẹ tó bá pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé akọ̀ròyìn mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí pé kò bìkítà bóyá irọ́ ni. Ní England, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló máa fìdí òtítọ́ rẹ̀ múlẹ̀, ẹrù ńlá sì ni.

Ẹni tí wọ́n bá parọ́ mọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́, n ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù pa akọ̀ròyìn Daphne Caruana Galizia ní Malta lọ́dún 2017, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ lé ní 40. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló jogún àwọn kan nínú wọn. Ọdún 2024 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó ṣòfin tí adájọ́ yóò fi lè tètè da irú ẹjọ́ ìdẹ́rùbani bẹ́ẹ̀ nù.

Obìnrin tó fún mi ní rìsíìtì pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Wọ́n ti ń sọ pé irọ́ ni mo pa, torí ẹ ti yọ ọ́." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ olóòtú wa pé ká dá ìròyìn náà padà. N óò tún bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé.